Ọwọ́ Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Sítọ́ọ̀kípà

Mo kórìíra kí ènìyàn gbé kọ̀ǹpútà wá fún mi kí ó sì ti mọ ohun tí n óò rí nínú rẹ̀. Irú wọn pọ̀ nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wọn á jókòó síwájú mi, wọn á nawọ́ sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń nawọ́ sí ọ̀daràn, wọn á ní, "Ẹ ṣáà bá wa rí i." Èmi kì í bá ènìyàn rí nǹkan. Mo máa ń wò ni. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni mo máa ń kọ sílẹ̀, èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí náà nìyẹn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn agbẹjọ́rò ló máa ń pè mí nígbà tí ìjà bá ti dé, pé kí n yẹ inú kọ̀ǹpútà wò: ta ló pa fáìlì yìí rẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí, ta ló kó nǹkan jáde. Ọ́fíìsì mi wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn Opebi, lókè ilé oúnjẹ kan tí òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń gòkè tọ̀ mí wá láti aago mọ́kànlá àárọ̀. Kí n tó di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Otigba tí àwa mẹ́ta jọ pín. N kì í fi ìyẹn pamọ́. Àwọn kan gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí nílùú òyìnbó. Lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà tó ń pariwo lé mi lórí ni èmi ti gba tèmi.

Ní ọdún tó kọjá, máníjà ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ oníke lójú ọ̀nà Agege wá bá mi fúnra rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni, aṣọ rẹ̀ gún régé, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè rárá. Ó ní orúkọ gbogbo àwọn oníbàárà àwọn, pẹ̀lú iye tí àwọn ń ta ọjà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí àwọn jọ ń du ọjà. Oníbàárà kan ló gbé ìwé náà síwájú wọn tó bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹlòmíràn fi ń rà á ní ẹ̀dínwó ju òun lọ. Kò sí iyàn jíjà pé ìwé tiwọn ni. Sítọ́ọ̀kípà wọn máa ń fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ tiwọn wá kẹ́rù, ìràwọ̀ náà sì wà níbẹ̀ láìku ọ̀kan.

Wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà alágbèéká sítọ́ọ̀kípà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn ti ṣí i, ó sì ti bá ètò kan nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Ètò bẹ́ẹ̀ kò ní ilé ìpamọ́ kankan láàárín. Kọ̀ǹpútà tìrẹ á wo inú fódà tèmi, tèmi á wo inú tìrẹ, orin tí mo bá ní, o lè mú un láìbi mí. Nígbà kan, gbogbo Ikeja ló ń fi í wá orin. Lójú máníjà yìí, ọ̀rọ̀ ti parí: ètò pínpín fáìlì wà níbẹ̀, fáìlì sì ti pín. Wọ́n ti ní kí bàbá náà lọ jókòó sílé. Ohun tó kù ni kí n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n lè lé e lọ kí wọ́n sì fà á fún ọlọ́pàá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò lọ́dọ̀ wọn.

"Ó tiẹ̀ ti jẹ́wọ́," ni máníjà wí, ó sì yọ lẹ́tà kan sí mi.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bẹ̀ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ẹ wo ti Ọlọ́hun, ẹ wo ti àwọn ọmọ mi, ẹ má wo ti ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo bi í pé níbo ló ti sọ níbẹ̀ pé òun ṣe é. Ó ní kí ni ènìyàn máa ń bẹ̀bẹ̀ fún bí kò bá ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ọmọ Yorùbá bí i tèmi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ilé tiwọn ni wọn kì í ti í kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ni? Bí onílé bá ń bínú, a ó bẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá bá lejú, a ó bẹ̀ ẹ́. A ti bẹ̀bẹ̀ tán kí a tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kó ẹ̀bẹ̀ wọ inú fáìlì ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀, ó di ìjẹ́wọ́.

Mo ní n óò gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń ṣe ẹ̀dà dísìkì rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Máníjà kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà.

Bàbá náà dé ní ọjọ́ kejì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Bó ṣe wọlé báyìí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo sáré dì í mú ní apá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ju mí lọ, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní kí n ṣáà bá òun bẹ̀ wọ́n. Mo fi ìbínú sọ fún un pé kí ó má bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ títí n óò fi parí iṣẹ́ mi, pé ẹ̀bẹ̀ tó ti bẹ̀ sẹ́yìn ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohùn mi le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ iléèwé.

Mo béèrè ohun tó máa ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe. Ó ní òun fi ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà àti ẹrù tó jáde, òun sì ń gbọ́ wàásì lórí rẹ̀ bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Mo fi àwòrán ètò náà hàn án. Kò mọ̀ ọ́n. Níbo ló ti ra kọ̀ǹpútà? Otigba ni, tòkunbọ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kò rántí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun nígbà náà pé gbogbo nǹkan ti pé sínú rẹ̀, pé kí òun máa gbé e lọ sílé.

A kì í kàn tan irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kí a máa wò ó kiri. Bí o bá tan án, o ti tẹ ojú ẹsẹ̀ tìrẹ mọ́ ti olè. Mo tú dísìkì rẹ̀ jáde, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí kì í jẹ́ kí a kọ ohunkóhun sórí rẹ̀, mo sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú bàbá náà. Nígbà tó parí, ẹ̀rọ gbé nọ́ńbà gígùn kan jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú dísìkì, nọ́ńbà náà kò ní bá a mu mọ́. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ nọ́ńbà náà sí, ó sì lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò dùn mọ́ mi nínú. Ètò náà máa ń kọ gbogbo ohun tó bá fi ránṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn kọ̀ǹpútà tí n kò mọ̀ ti mú ìwé oníràwọ̀ náà. Láti orí kọ̀ǹpútà bàbá yìí ni ìwé ti jáde, kò sẹ́ni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n bọ́rọ̀ bá ṣú òkùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ilé-iṣẹ́ fi wáífáì sí ilé ìkẹ́rùsí. Kí ìyẹn tó dé, kọ̀ǹpútà náà kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò náà kàn sùn sínú rẹ̀ ni. Bí wáífáì ti dé, ó jí. Fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, láìgbé ohunkóhun sójú kọ̀ǹpútà, ó kàn fi àmì bíńtín kan sí ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà bọ́ sí ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí tí kọ̀ǹpútà sì wà ní títàn lórí tábìlì. Ibi tí ètò náà máa ń kọ ohun tí ènìyàn bá fi í wá sí ṣófo. Bàbá yìí kò wá nǹkan kan lórí rẹ̀ rí.

Ó ku ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ètò náà ní fódà kan tó ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, fódà tí ó ṣí sílẹ̀ níbí sì ni èyí tí gbogbo ìwé tí ènìyàn bá kọ máa ń wọ̀. Ta ló to ó bẹ́ẹ̀? Mo wo ọjọ́ tí wọ́n to ó. Mo wo ìwé àkọ́kọ́ tí bàbá kọ sórí kọ̀ǹpútà náà, lẹ́tà kan sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní Agege. Wọ́n ti to fódà náà ní ọdún kan ó lé kí ó tó kọ lẹ́tà yẹn. Inú mi dùn gan-an. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, mo tiẹ̀ fi ẹran kún un.

Nígbà tí mo padà dé, mo fẹ́ kọ orúkọ ìnagijẹ tó wà nínú ètò náà sínú ìròyìn mi, nítorí ètò náà máa ń béèrè irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ to ó. Oríkì mi ni mo bá níbẹ̀. Oríkì tí ìyá bàbá mi fún mi, tí wọ́n fi ń kí mi ní àárọ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí mi lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn nígbà tí mo wà ní Otigba. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè má mọ bí a ti ń ṣe é láyé ìgbà náà. Bí tòkunbọ̀ bá dé, a kì í to ètò sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó to gbogbo nǹkan sínú dísìkì kan ṣoṣo, ètò ìkọ̀wé, ètò orin, ètò fíìmù, a ó sì máa da ẹ̀dà rẹ̀ sínú gbogbo àwọn yòókù. Máásítà la ń pè é. Tèmi dára. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yá a, àwọn tó yá a tún yá ẹlòmíràn, inú mi a sì máa dùn pé iṣẹ́ mi ń lọ káàkiri ọjà. Èmi ni mo fi ètò pínpín fáìlì sí i. Ètò náà ní fódà kékeré tirẹ̀ tí orin máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kì í rí i, wọn á padà wá máa bú mi pé orin àwọn dà. Kí n lè sinmi, mo yí i padà kí orin máa wọ inú fódà tí gbogbo ìwé wọn wà. Wọn kò padà wá mọ́. N kò rò ó pé fódà tí ètò náà bá ń kó orin sí náà ló máa ń ṣí sílẹ̀ fún aráyé. N kò tiẹ̀ bìkítà nígbà náà.

Ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ojú tì mí débi pé mo dìde ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ti jágbe mọ́ bàbá yẹn lórí ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ̀ fún ohun tí èmi ṣe.

Ohun tó wá le ni pé ìròyìn mi lè dúró láìsọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́ pé ẹnìkan ní Otigba ló to fódà náà kí bàbá tó ra kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni, bàbá á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá sọ pé èmi ni ẹnìkan yẹn, máníjà lè da ìròyìn náà nù pé ọ̀rọ̀ kàn mí, kò sì ní ku nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ. Mo sọ fún ara mi pé torí bàbá ni mo ṣe fẹ́ pa á mọ́. Mo mọ̀ pé torí ara mi náà ni.

Obìnrin kan wà ní Allen tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ ọ, ó sì ti pè mí ní mẹkáníìkì rí lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. A kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ, torí pé n kò mọ ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà yóò yé láì jẹ́ pé mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wákàtí kan. N kò sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà fún un. Ó gbọ́ mi tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Tí ẹ bá fi pamọ́, tí ẹlòmíràn bá wá rí i lọ́la ńkọ́?" ló wí. "Wọ́n á ní ẹ̀yin àti bàbá yẹn lẹ jọ pète ẹ̀. Ẹ ó tún fi ẹ̀sùn tiyín kún tiẹ̀."

N kò ro ìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe mí bí kí n má dúpẹ́.

Mo kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́: ẹni tó to ètò yìí báyìí ni èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí, n kò sì mọ̀ títí mo fi rí i níhìn-ín. Máníjà kà á níwájú mi. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní òun kò lè fi ìwé yìí ṣe nǹkan kan. Mo sọ fún un pé kí ó mú ẹ̀dà dísìkì náà fún ẹlòmíràn tó bá wù ú, pé nọ́ńbà tí èmi àti bàbá fọwọ́ sí wà níbẹ̀, pé ohun tí mo rí ni ẹni náà yóò rí. Mo ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá lé bàbá yẹn lọ, n óò bá bàbá lọ sí kóòtù fúnra mi láti sọ ọ́. N kò mọ ìgbà tí mo dìde dúró. Ó kó ìwé náà sínú àpò rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ obìnrin Allen ló gbé e lọ, torí orúkọ rẹ̀ ló tóbi jù ládùúgbò wa. Ohun tí mo rí náà ló rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà nílé, wọ́n pe sítọ́ọ̀kípà padà. Ilé-iṣẹ́ náà kò pè mí mọ́, àwọn méjì mìíràn lójú ọ̀nà kan náà kò pè mí mọ́ pẹ̀lú. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. N kò sì mọ iye kọ̀ǹpútà tí oríkì mi ṣì wà nínú wọn káàkiri Èkó.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bàbá náà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sọ́dọ̀ mi. Ó gbé ọsàn wá, ó sì gbé àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó wúre fún mi títí, pé ẹni tí yóò gbèjà mi kò ní jìnnà sí mi bí èmi náà ti gbèjà òun. Mo wá mọ̀ pé wọn kò sọ fún un pé èmi ni. Wọ́n kàn sọ pé àṣìṣe ẹni tó ta kọ̀ǹpútà ni.

Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un láti ilẹ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, máásítà, fódà, àti ìdí tí mo fi ṣe é. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ètè rẹ̀ kò mì.

"Ìyàwó mi bi mí ní kọ̀rọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ní, Bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ ṣe é, ẹ sọ fún èmi nìkan. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò bi mí nírú ẹ̀ rí."

Ó fà mí dìde. Ó ní òun dárí jì mí, kí Ọlọ́hun dárí ji gbogbo wa, ó sì fi ọwọ́ kàn mí léjìká nígbà tó ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Ara mi fúyẹ́. Mo ní kí ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá kí n yọ ètò burúkú yẹn kúrò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti na ọwọ́ sí àpò náà.

Ó yí i sí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín, ọ̀gá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi mọ́."

Mo mú bírò, mo kọ àdírẹ́sì obìnrin Allen sórí ìwé fún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.